Àforíjì Arìnrìn-àjò

"Mo forí jì ọ́ láyé, mo forí jì ọ́ lọ́run," ni Ìyá Èjìdé, àgbà obìnrin kan nínú agbo ilé, wí fún Sàídì. "Bí a ò bá fojú kanra mọ́, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ."

Àyà Sàídì já. "Ẹ̀yin ìyá mi, àwòrán ni mo fẹ́ lọ wò o! Mi ò lọ kú."

"Ojú òfuurufú náà lo máa gbà, ọmọ mi."

Olùkọ́ ìyàwòrán ni Sàídì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbèrò àtilọ sí Uffizi, ilé ńlá kan nílùú Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, tí wọ́n kó iṣẹ́ àwọn àgbà ayàwòrán ayé àtijọ́ jọ sí. Ó ti ka ìwé nípa ibẹ̀ títí tó fi mọ yàrá tí òun yóò kọ́kọ́ wọ̀.

Ṣùgbọ́n ní agbo ilé wọn ní Àrẹ̀mọ, Mẹ́kà nìkan ni ìrìn-àjò òkè òkun tí wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá ń lọ Mẹ́kà a sì máa tọrọ àforíjì lójúlé dójúlé kó tó gbéra, torí ó lè má bọ̀. Bí Àtọ́kẹ́, ìyá Sàídì, ṣe gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó ra aṣọ funfun tí a kò rán, bíi ti ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, ní Ọjà'ba, ó tì í bọ inú àpótí Sàídì, ó sì fa ọmọ náà lọ́wọ́ kiri ilé láti lọ tọrọ àforíjì.

Kíá ni gbogbo wọn ń forí jì í, ìyẹn gan-an ló sì dẹ́rù bà á jù. Ní agbo ilé tí wọ́n ti ń jà sí ewúrẹ́ kan láti ayé baba ńlá wọn, ta ló ń yára forí jini bí kì í ṣe ẹni tó ti kà á mọ́ òkú? Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, Sàídì ti pinnu pé òun ò lọ mọ́.

Yésúfù, bàbá rẹ̀, ń ṣọnà sí ọrùn agbádá. Láti ọjọ́ tó ti gbọ́ pé àwòrán obìnrin oníhòòhò wà ní Uffizi, kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Sàídì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Mi ò forí jì ọ́."

Àtọ́kẹ́ figbe ta. "Bàbá Sàídì! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ń lọ sọ́nà jíjìn!"

"Mo ní mi ò forí jì í!" Bàbá náà gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ. "Ohun tó fẹ́ lọ wò yẹn ń dùn mí. Tó bá dé, kó wá dọ̀bálẹ̀ síbí yìí, kó tún bẹ̀ mí. Kó tó dé, kò rí i gbà."

Sàídì gbójú sókè. Ẹ̀rù tó ń ba òun náà ló rí lójú bàbá rẹ̀.

"Ẹ máa retí mi, Bàbá," ló wí. "Mò ń bọ̀ wá bẹ̀ yín."