Ẹ̀rọ Tó Ń Sinmi

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á láàmú, ó ń sinmi ni," Àlàájà Mọ́rìlíátù wí, ó nawọ́ sí amúlétutù tó wà lókè ògiri bí ẹni tó ń fi ọmọ tó sùn han àlejò. "Ẹ̀rọ náà ò lè ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Fàrúkù ọmọ mi ló ṣàlàyé fún mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jí."

Àlejò méjèèjì wo amúlétutù náà. Alhájì Àbdùlkàdír, tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Niamey, ti nu orí títí áńkáṣíìfù rẹ̀ fi rin gbindin. Àdìgún tó bá a wá, ọkùnrin sísanra kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Maourey, ti tú bọ́tìnì ọrùn rẹ̀. Fáànù ń yí lókè àjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹrin ní Niamey, ooru ni fáànù ń kó láti igun kan ilé lọ sí igun kejì.

Fàrúkù ń wo ilẹ̀. Iná wà. Fíríìjì ń kùn nínú kíṣìnì. Kò sí ohunkóhun tó ṣe amúlétutù náà. Òun tí wọ́n ń pè ní ọmọ rere yìí ló fi kóòdù tì í pa mọ́ ìyá tó bí i.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí Àlàájà ti fi ọjà sílẹ̀ tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní àdúgbò Poudrière, kò gbà kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ìta lọ́sàn-án. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, yóò ṣí i gbayawu, yóò gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa kí èrò tó ń kọjá. "Ilé tó bá tìlẹ̀kùn lọ́sàn-án," ló máa ń wí, "bí òkú ò bá sùn síbẹ̀, ahun ló ń gbé ibẹ̀." Amúlétutù yóò sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹrú lẹ́yìn rẹ̀, yóò máa fẹ́ atẹ́gùn tútù fún gbogbo àdúgbò, títí tí inú rẹ̀ fi jó lọ́jọ́ kan.

Wọ́n tún un ṣe. Tọ̀yìbátù, ìyàwó Fàrúkù, wá sọ fún un pé, "Bàbá Fàtímà, ẹ kúkú sọ fún Màmá. Kí wọ́n máa jókòó síta bí wọ́n bá fẹ́, kí a sì máa pa ẹ̀rọ yẹn, tàbí kí wọ́n gbà kí a tìlẹ̀kùn. Wọn kì í ṣe ọmọdé."

"Kí n sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n tìlẹ̀kùn? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n di ẹrù wọn ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ó lè purọ́ fún ìyá rẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Kó ṣáà má já a ní koro. Ó pe ìyẹn ní ìbọ̀wọ̀fágbà.

Ló bá gba àdúgbò Lazaret lọ, sọ́dọ̀ Jẹ̀lílì tó ń tún amúlétutù ṣe. Jẹ̀lílì gbé tẹ́mósítà méjì síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri kó lè máa pàṣẹ fún amúlétutù: ìgbà tó máa tàn, ìgbà tó máa kú, bí ilé ṣe máa tutù tó. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí à ń fọwọ́ yí bíi rédíò àtijọ́. Èkejì ní ojú dígí, ó ń gba kóòdù.

"Mú èyí tí à ń yí," Jẹ̀lílì wí. "Màmá á lè fọwọ́ ara wọn yí i."

"Èyí tó ń gba kóòdù ni mo fẹ́."

"Ta lo fẹ́ tì í mọ́?"

"Àwọn ọmọ," Fàrúkù dáhùn.

Jẹ̀lílì tẹ̀ lé e wálé. Ó wá ibi tí oòrùn kò ti ní bá a lára ògiri, tó sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà, nítorí bí ooru ìta bá ń fẹ́ lu tẹ́mósítà, yóò máa rò pé gbogbo ilé ló gbóná. Ó lu ihò, ó fa wáyà, ó dè é. Àlàájà fọwọ́ ara rẹ̀ bu bísáàpù tútù, omi sóbò, fún un, ó sì ṣàdúà gígùn fún àtọwọ́ rẹ̀ àti irinṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Jẹ̀lílì lọ tán, Fàrúkù jókòó ti ìwé ìlò ẹ̀rọ náà tí wọ́n fi Faransé kọ. Ó tò ó pé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Jímọ̀, bí òun bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, kí amúlétutù kú. Bí òun bá ń darí bọ̀ nírọ̀lẹ́, kó tàn. Ó wá wá nọ́ńbà tí òun ò ní gbàgbé láéláé, ó fi tì í.

"Màmá," ló wí, "ẹ̀rọ yìí máa ń sinmi lọ́sàn-án o, kó má baà jó mọ́."

"Áà, ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ìyá rẹ̀ wí. "Ohun gbogbo tó bá ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó sinmi."

Ó gbà á gbọ́. Ohun tó ń jẹ Fàrúkù lọ́kàn jù nìyẹn, pé ó gbà á gbọ́ tayọ̀tayọ̀. Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo èrò tó bá yà wá kí i. Bí ọmọ ilé bá pariwo lọ́sàn-án, á ní kí wọ́n má jí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ yìí, àwọn àlejò méjèèjì tẹ̀ lé Fàrúkù wálé láti mọ́sálásí. Nígbà tí ó ń to ẹ̀rọ náà, kò rántí Jímọ̀ tí òun máa ń tètè dé.

Alhájì tún nu ojú. "Ohun tó gbé wa wá ò pọ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ti ń fà. "Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó. A rí i pé àwọn àgbà wa pọ̀ nílùú yìí tí wọn ò lè padà sílé mọ́, tí kò sì séèyàn tó ń wo ojú wọn. A ń wá ẹni tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò, tí yóò máa bi wọ́n pé ṣé wọ́n jẹun, ṣé wọ́n sùn. A bi ara wa pé ta ló mọ ìtọ́jú arúgbó nínú àwọn ọmọ wa? Ẹnu gbogbo wa kò lórí Fàrúkù."

"Àlàájà fúnra wọn ló polówó rẹ̀," Àdìgún wí. "Bí wọ́n bá dé ìsọ̀ mi, ẹnu wọn kì í kúrò lórí rẹ̀. Àfi bíi pé òun nìkan ni wọ́n bí ní Niger."

Àlàájà rẹ́rìn-ín. "Mi ò ṣá purọ́."

Fàrúkù la ẹnu kó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Alhájì ti fara ti ẹ̀yìn àga, ó di ojú, áńkáṣíìfù jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Alhájì!" Àdìgún dìde. "Ẹ bu omi wá. Ooru yìí ti pọ̀ jù fún wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń ru."

Tọ̀yìbátù sáré gbé omi wá. Àlàájà gba abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ọkùnrin náà. "Ẹ̀rọ yìí ì bá jí báyìí," ló ń wí, "ẹ̀rọ yìí ì bá dákun jí."

Tọ̀yìbátù wo ọkọ rẹ̀.

Fàrúkù dìde. Ó dé ibi ògiri, ó fi ìka kan ojú dígí náà. Ẹ̀rọ náà dún nígbà tó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ó dún nígbà tó tẹ èkejì, títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Amúlétutù mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wọn.

Abẹ̀bẹ̀ dúró lọ́wọ́ Àlàájà. Ó wo ìka ọmọ rẹ̀. Ó wo òkè ògiri. Ó wá yíjú sí àlejò, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti sinmi tó."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Alhájì la ojú. Ó mu omi, ó jókòó dáadáa, ó gbé ojú sí atẹ́gùn náà. "Alhamudulilahi. Ẹ wo ibi tí ó fi ìyá rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ tìẹ náà á tọ́jú rẹ báyìí, Fàrúkù. Bí o ṣe ṣe é fún ìyá rẹ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò ṣe é fún ọ."

Gbogbo ilé ń dúró de àmín rẹ̀.

"Àmín," Fàrúkù wí.

Nígbà tí ọkọ̀ àwọn àlejò lọ tán, Tọ̀yìbátù rọra wọ kíṣìnì lọ. Fàrúkù dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

"Dìde," ni ìyá rẹ̀ wí. "Nọ́ńbà wo lo tẹ̀ yẹn?"

Kò lè gbé ojú sókè. "Nọ́ńbà ìsọ̀ wa ni, Màmá. Ti Maourey."

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sára ilẹ̀kùn páànù nìyẹn, níbi tí Àlàájà ti ta léèsì àti àǹkárá títí ọmọ yìí fi ka ìwé Faransé tán.

"Mi ò bínú," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ojú ló ń tì mí."

"Ojú ń ti ẹ̀yin kẹ̀, Màmá? Kí lẹ ṣe?"

"Gbogbo àdúgbò ni mo sọ fún pé ó ń sinmi. Fàrídà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ní irú rẹ̀ nílé. Ọmọ rẹ̀ ní irú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í sinmi, Fàrúkù. Wọ́n kàn ń mi orí fún mi ni. Mo rò pé wọ́n ń gbọ́ mi." Ó ṣẹ́ iṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ mọ́ra. "Ò bá ti sọ pé, Màmá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn náà. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Pálọ̀ ń tutù. Ilẹ̀kùn wà ní títì, atẹ́gùn ò jáde síta mọ́, ohun tí Fàrúkù ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí ṣẹ pátá. Ó dúró láàárín rẹ̀, kò mọ ibi tó máa jókòó sí. Ilé náà dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti gbé òkú jáde.

Ó lọ síbi ògiri, ó yọ kóòdù náà kúrò. Ó pa ẹ̀rọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó fa ìjókòó kan síbi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí, ó sì jókòó sínú oòrùn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò lọ bá Alhájì nílé, yóò ní kí wọ́n wá ẹlòmíì fún iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ti àdúgbò ló kọ́kọ́ kàn.

Kò pẹ́ tí Fàrídà fi ń bọ̀ láti ọjà, obìnrin ẹ̀yà Zarma tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, igbá lórí. Ó wo inú ilé, ó wo Fàrúkù, ó bi í ní Haúsá bó ṣe máa ń bi ìyá rẹ̀:

"Ìyá wa dà? Ẹ̀rọ ṣì ń sinmi ni?"

"Rárá, Hajia," Fàrúkù dáhùn. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀ kó lè dé yàrá. "Kò sinmi rí. Èmi ni mo tì í pa mọ́ wọn, mo sì purọ́ fún wọn. Wọn ò mọ̀."

Fàrídà sọ igbá kalẹ̀.

Nínú ilé, lẹ́yìn Fàrúkù, ó gbọ́ ìró àpótí ìjókòó kan tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bọ̀ sí ẹnu ọ̀nà.