Ẹlẹ́dẹ̀ Àsun Ọkọ̀ Abẹ́ Omi

Èmi Kapitolina ni mò ń dáná ní ibùdó ọkọ̀ ogun wa létí òkun àríwá, nígbà tí Soviet ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣì ń ṣe Soviet. Wọn kì í sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ abẹ́ omi máa padà fún ìyàwó kankan. Àṣírí ìjọba ni. Ṣùgbọ́n àṣà wa ni pé ọkọ̀ tó bá ti ojú ìṣọ́ dé, a ó sun ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan, a ó gbé e pàdé wọn létí omi. Ìjọba pa ẹnu gbogbo ènìyàn mọ́, ó gbàgbé pé àsun ẹlẹ́dẹ̀ máa ń ta sánsán.

Rimma kì í jìnnà sí ilé ìdáná mi. Oṣù kan péré ni òun àti Genadi ọkọ rẹ̀ fi jọ gbé kí Genadi tó wọkọ̀ lọ.

"Àǹtí Kapa, ẹ ò tíì pa ẹran?"

"Ẹran wo? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

"Ẹ ṣáà máa bú mi. Ojú yín ò mọ irọ́ í pa."

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, àṣẹ dé pé kí n sun ẹlẹ́dẹ̀ fún ọkọ̀ Genadi. Ẹyin lohùn, mo mọ̀, síbẹ̀ mo sọ fún Rimma kí ẹran tó pọ́n. Ó wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ó da kóòtù bò ó, ó lọ dúró lẹ́nu géètì nínú ìrì dídì.

Lọ́sàn-án, Kapten Zhilin, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibùdó wa, wọlé tọ̀ mí wá, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kapitolina Savvishna, ẹ má gbé ẹran yẹn jáde mọ́."

"Ṣé wọ́n máa pẹ́ ni?"

Kò wò mí lójú. "Ẹ gé e fún àwọn òṣìṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́."

Ọkọ̀ tó bá máa pẹ́, a máa ń tọ́jú ẹran rẹ̀ ni. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé gbogbo wọn ti bómi lọ. A gé e, à ń jẹ, à ń sunkún.

Mo jáde lọ bá Rimma. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Wọ́n ti dé?"

"Ó di ọ̀la," mo ní. "Ìjì ló ká wọn mọ́."

Ojo ni mí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wá dúró síbẹ̀ nínú aṣọ yẹn, ojoojúmọ́ ni mo sì ń sọ pé ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n mú ìwé ikú Genadi wá fún un, ìlà méjì péré. Kò sí òkú, wọn ò sì dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti kun nọ́ńbà ọkọ̀ wọn sára ọkọ̀ mìíràn, kó lè dà bí ẹni pé ọkọ̀ kankan ò rì.

Mo din páńkéèkì, bí a ti ń ṣe nílé òkú, mo gbé e lọ bá a. Ó ṣílẹ̀kùn, kò ní kí n wọlé.

"Àǹtí Kapa, kí lẹ fi ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ṣe?"

Irọ́ pípa ti sú mi.

"A jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ọ pé ó di ọ̀la."

Ó wo abọ́ ọwọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Kò gbà á. Ó rọra ti ilẹ̀kùn.