Igi Obì Bàbá Ògúnrẹ̀mí

Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìkìrun, gbogbo ènìyàn ló sì mọ̀ pé èmi Mofolúwakẹ́ kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ gan-an ni mo pa ẹnu mọ́.

Lára igi obì bàbá Ògúnrẹ̀mí, àgbẹ̀ kan ní Òkukù, ni mo ti rí ewéko kan. Gbòǹgbò lásán ni, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ eérú, kò ní ewé kankan. Gbòǹgbò yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ ewé. Ó kàn jókòó sára igi ni, kì í fa oúnjẹ igi jẹ bíi ti àfòmọ́. Mo yẹ gbogbo ìwé mi wò, n kò rí èyí tó bá a mu. Mo wá inú oko káàkiri títí dé ẹ̀yìn Inísà, n kò rí òmíràn. Òdòdó mẹ́rin ti yọ lára rẹ̀, wọn kò tíì là. Bí wọ́n bá là, n óò wọ̀n wọ́n, n óò yà wọ́n, n óò kọ bí wọ́n ṣe rí sílẹ̀, n óò sì fún un lórúkọ. Láìsí òdòdó, kò sẹ́ni tó máa gbà mí gbọ́ pé ewéko tuntun ni.

Bàbá ní, "Tíṣà, kí lo ń wò lára igi mi?"

Ẹ̀rù bà mí kí ẹlòmíràn má lọ gbọ́, kó sì sá ṣáájú mi fún un lórúkọ. Ojúkòkòrò lásán! Mo ní, "Igi yìí ló wù mí, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ méjì sí i."

"Ó ti parí. Fọkàn balẹ̀."

Nígbà tí mo padà dé, bàbá ti gbá abẹ́ igi náà mọ́ tónítóní. Ara igi ń dán láti ìdí dé orí.

"Àfòmọ́ ti fẹ́ bà á jẹ́," ni bàbá wí. "Orúnkún ń dùn mí, síbẹ̀ èmi fúnra mi ni mo gùn ún, mo fi àdá ha gbogbo ẹ̀ kúrò."

"Ibo lẹ kó o sí, bàbá?"

"Mo ti dáná sun ún. Ṣé kó tún lọ mú igi mìíràn ni?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ara mi ni mò ń bínú sí. Olóbì wo ló máa fi àfòmọ́ sílẹ̀ lára igi tó fẹ́ràn? Bí bàbá tó bí mi náà ṣe ń ṣe nìyẹn, èmi ni mo sì máa ń di àkàbà mú fún un.

Omi bọ́ lójú mi. Bàbá rò pé ìdùnnú ni.

"Má sunkún, ọmọ mi. Bí mo ṣe bá ẹ tọ́jú eléyìí, bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá á ṣe máa bá ẹ tọ́jú gbogbo ohun tó o bá fẹ́ràn."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Àmín, bàbá. Ẹ ṣeun."