Omi Adìẹ fún Marquesa

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀: ọkùnrin tó bá ń tẹnu mọ́ ọn pé ológbò ilé òun kì í ṣe tòun, pé ti ìyàwó òun ni, òun gan-an ló ń gbé e sùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ Don Heriberto Santaliz, aládùúgbò mi, rí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Don Heri fi ṣe olórí alásè ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan lẹ́bàá gbàgede ìlú wa, Ponce. Òun ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n fìlà funfun gíga tó ń dé dáná kò tíì fẹ̀yìn tì ní tiẹ̀. Ó wà lórí ìṣó ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Jésù, ó sì fi díẹ̀ ga ju Jésù lọ. Àlejò kì í tíì rí àga jókòó tí Don Heri yóò ti máa sọ bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe dìde nídìí tábìlì lọ́jọ́ kan, tó wọ inú ilé ìdáná, tó sì bọ òun lọ́wọ́. Bíṣọ́ọ̀bù náà ti kú. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn.

Tíṣà ni mí kí n tó gba owó ìfẹ̀yìntì, tíṣà náà ni gbogbo òpópónà ṣì ń pè mí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti tiwọn. Kì í ṣe pé mò ń dẹ etí sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ògiri náà ló tinrin.

Marquesa, ológbò tí mò ń wí yìí, ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Eérú ni àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, funfun ni ikùn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí dókítà ti sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fún un lábẹ́rẹ́ ínsúlìn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, agogo méje àárọ̀ àti agogo méje alẹ́, lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Ta ló ń gún un? Don Heri ni. Kọfí rẹ̀ lè tutù, rédíò lè máa ka ìròyìn ikú ẹni tó mọ̀, kò ní gbójú sókè títí abẹ́rẹ́ náà yóò fi wọlé. “Ti Provi ni o,” ni yóò wí, bó ṣe ń fi ìka rẹ̀ ra ojú ibi tó gún. Provi ni ìyàwó rẹ̀, Doña Providencia, obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í purọ́, tí kì í sì í sọ ju èyí tí a bá bi í lọ. Láàárín ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì gba àyè láti se ẹyin lásán nínú ilé ara rẹ̀. Ẹ tún gbọ́ èyí: “o” ni Don Heri fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, “ẹ” ló fi ń bá ológbò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ló yan itan ẹlẹ́dẹ̀ jẹ. Ní ìlú wa, bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá ti jáde nínú ààrò, kò sẹ́ni tó wà nínú ilé tí a kì í bù fún nínú awọ rẹ̀ tó gbẹ ṣáṣá, kódà bó jẹ́ ẹni tó wá ka iná mànàmáná ni. Ahun ni wọ́n ń pe ẹni tó bá fi awọ yẹn pamọ́. Marquesa sì wà nínú ilé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bì. Ó bì lórí ẹní, ó bì sínú sálúbàtà Don Heri, ó tún bi omi ìfófòó lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ju sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó yí ojú kúrò. Èmi ni mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Dókítà Nereida, ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú ẹranko, akẹ́kọ̀ọ́ mi tẹ́lẹ̀ rí.

“Kí ló jẹ lánàá?” ni dókítà bèèrè.

“Oúnjẹ rẹ̀,” ni Don Heri wí.

Provi wo ọkọ rẹ̀.

“Àti awọ ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀.”

“Díẹ̀ bíi báwo, Don Heri?”

Ó fi ìka méjì hàn án, bí ẹni tó fẹ́ mú iyọ̀ díẹ̀. Provi na ọwọ́, ó ya ìka méjèèjì síra wọn títí wọ́n fi fẹ̀ tó ìbú ọṣẹ ìfọṣọ.

Dókítà kò bínú. Ìyẹn ló ba Don Heri lẹ́rù jù. Ó fún Marquesa lábẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, ó fa omi sí i lábẹ́ awọ ọrùn, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

“Ẹ gbọ́ mi dáadáa,” ó ní. “Ológbò alátọ̀gbẹ tí kò bá jẹun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á kan, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ti tó. Mi ò sì lè ní kí ẹ gún un ní ínsúlìn lórí ikùn òfìfo, torí ṣúgà ara rẹ̀ á wálẹ̀ jù, ìyẹn náà á sì pa á. Ẹ jẹ́ kí ikùn rẹ̀ sinmi di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ohun tó rọ̀, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ní iyọ̀, kò gbọdọ̀ lọ́ràá, kò gbọdọ̀ ní àlùbọ́sà àti áyù rárá, oró ni wọ́n jẹ́ fún un. Ẹ má fi tipá bọ́ ọ, ibi tó bá dákẹ́ ló ti máa jẹun. Bí agogo márùn-ún bá lù tí kò tíì jẹun, ẹ gbé e padà wá, màá dá a dúró síbí.”

“Ṣé tí o bá dá a dúró, á yè?” ni Provi bèèrè.

“Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, mà. Ó sàn kó jẹun nílé.”

Don Heri gbé apẹ̀rẹ̀ Marquesa mọ́yà. “Kó jẹun? Nereida, ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀? Bíṣọ́ọ̀bù...”

“A mọ̀, Heri,” ni Provi wí. “Wọnú ọkọ̀.”

Bí agogo méjìlá ṣe lù, ó mú fìlà lórí ìṣó. Mo wà lórí àga ilé ìdáná wọn, torí irú nǹkan báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn í gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó gbé ìkòkò kaná, ó já igbáàyà adìẹ sí i, ó ń sọ fún mi bí omi ṣe gbọdọ̀ máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ni òórùn dídùn kan gba gbogbo ilé. Provi sáré wọlé láti pálọ̀.

“Heri, kí lo dà sínú ìkòkò?”

“Adìẹ àti omi.”

“Imú mi ò tíì kú.”

Ó wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀. Ṣíbí kan ṣì wà níbẹ̀, tí sofrito ń kán lára rẹ̀, ata tútù, ewé, àlùbọ́sà àti áyù tí a lọ̀ pọ̀, tó máa ń wà nínú ike nínú fìríìjì gbogbo wa, tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ láìsí i. Ọwọ́ náà kò bi í léèrè. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Mi ò rí i nígbà tó dà á,” ni Don Heri wí, bí ẹni ń fẹjọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ sùn.

Provi da ìkòkò náà nù. Ó kó ike sofrito, ó kó àlùbọ́sà, ó kó áyù, ó sì kó gbogbo wọn lé mi lọ́wọ́ kí n lọ fi pamọ́ sílé mi.

Ìkòkò kejì jẹ́ ẹja gbígbẹ oníyọ̀, tó fi omi ṣàn nígbà mẹ́jọ. Marquesa wò ó bí ẹni wo ìwé ìpè sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ẹyin tí ó rọra pò. Marquesa dìde, orí mi wú. Ó kàn fẹ́ lọ jókòó sí ibi tí òórùn rẹ̀ kò ní dé ni. Ó wọ inú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí ní yàrá, ó sì kọjú sí ògiri.

Don Heri kúnlẹ̀ tì í, pẹ̀lú fìlà lórí. “Ẹ jọ̀ọ́, Marquesa. Ẹ tọ́ ọ wò lásán. Ẹ tilẹ̀ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.”

Cheo, tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní iwájú ilé wọn, tó sì ti ń ta dómínò pẹ̀lú Don Heri láti kékeré, yọ orí lójú fèrèsé. “Don Heri, mo gbọ́ pé oníbàárà kan kọ oúnjẹ yín.”

“Ara rẹ̀ ò yá ni, Cheo.”

“Bẹ́ẹ̀ náà lèmi ń sọ fún ìyàwó mi nígbà tí ẹ bá fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa, pé ara mi ò yá.”

Ọjọ́ mìíràn ni, Don Heri ì bá ti dá a lóhùn dé ìran kẹta. Lọ́jọ́ yìí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára apẹ̀rẹ̀ náà. Cheo rọra yọ orí kúrò, ó padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú agolo sàdíìnì kan, ó gbé e sórí fèrèsé, ó sì lọ. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń gbé e kalẹ̀.

Ní agogo méjì ààbọ̀, mo bá Don Heri ní ẹ̀yìnkùlé, níbi okùn aṣọ. Ó ti ṣí fìlà, ó fi épírọ̀nì bojú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì.

“Tíṣà,” ó ní, “ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lánàá, ó ń wò mí. Kò tiẹ̀ ké. Mo ní ṣé gbogbo èèyàn á jẹ, kí òun nìkan máa wò? Mo bù fún un. Ó dùn mọ́ ọn, mo tún bù fún un.”

“Tá a bá ní ká wo dídùn ifọ́n,” ni mo wí, “a ó họra dé eegun.”

“Ẹ má pòwe fún mi. Tó bá kú, èmi ni mo fi awọ ẹlẹ́dẹ̀ pa á. Kí ni mo fẹ́ wí fún Provi? Tiẹ̀ mà ni.”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo gbá a lẹ́yìn díẹ̀, ó fọn imú sínú épírọ̀nì, ó sì padà síbi iná. Èyí tó sè kẹ́yìn ni mo lè búra fún: igbáàyà adìẹ kan, omi, kò sí nǹkan mìíràn. Ó di ọwọ́ òsì rẹ̀ mẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó ń sè é, bí ẹni di ajá olè. Ó fa ẹran náà ya bí òwú, ó sẹ́ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́ láti mọ̀ bó ṣe gbóná tó, ó sì bù ú sínú àwo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

“Ìwọ dúró síta,” ni Provi wí.

“Èmi ni mo sè é.”

“Ohùn rẹ ti pọ̀ jù nínú yàrá yẹn láti òwúrọ̀. Dókítà ní ibi tó bá dákẹ́ ló ti máa jẹun.”

Ó gba àwo, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Agogo mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Don Heri dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi etí lé ilẹ̀kùn, ó fi ìka lé ètè sí mi, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ń mí bí ẹṣin. A gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ké díẹ̀. A gbọ́ nǹkan tó dún bíi ṣíbí. Lẹ́yìn náà, ó pẹ́ tí a kò gbọ́ nǹkan kan. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ lù. Don Heri bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà sí ìyá Olúwa, ó sì gbàgbé àárín rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Provi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo tó gbẹ.

“Ó jẹun,” ó ní.

“Gbogbo rẹ̀?”

“Àwo rèé.”

Don Heri wọlé. Marquesa jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ nu ẹnu. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ó dùbúlẹ̀ tì í pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó fi imú kan orí rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, mà,” ìgbà mẹ́ta. Nígbà tí Provi pe dókítà, ó ní kí wọ́n fún un ní ààbọ̀ abẹ́rẹ́ ní agogo méje. Don Heri ló gún un.

Ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ kì í pẹ́ lára ẹni tó ní fìlà. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, ìtàn náà ti dé ìdí dómínò, ó sì ti sanra lọ́nà. Ó ní sísè pẹ̀lú sofrito, iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹni tó bá lè mú adìẹ àti omi lásán dun ẹni tó wà lẹ́nu ikú, ìyẹn ni alásè. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń sè é sórí káàdì líle, ó fún un lórúkọ, Omi Adìẹ Marquesa, ó bu ọwọ́ lù ú, ó sì fún Dókítà Nereida, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró. Mo mọ obìnrin mẹ́ta tó ti dà á kọ. Cheo sè é fún ajá rẹ̀. Don Heri sì ti ń wí pé bóyá kí òun kó o sínú ìwé.

Provi kò sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ohun tí Marquesa jẹ lọ́jọ́ Ajé náà ni ẹran tòlótòló lílọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ oṣù mẹ́fà, ìgò kékeré méjì. Èmi ni mo rà á ní ilé ìtajà oògùn tó wà ní igun òpópónà, ní agogo mẹ́ta, nígbà tí Provi rán mi. Ó sì ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò sétí òun lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, kó lè dá òun lójú pé kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀. Omi adìẹ náà, tẹran tomi, Provi fúnra rẹ̀ ló jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó mu ún tán. Ó ní kò níyọ̀.