Ó Kù Díẹ̀, Màmá

"Èyí ló kẹ́yìn," ni mẹkáníìkì wí, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́ aṣebúrẹ́dì, pẹ̀lú ihò irin tí wọ́n ń kì í bọ̀. Irin náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ orí tábìlì lábẹ́ fáànù ló ti wà láti àná.

"Ṣé kò sí nǹkan tó kù mọ́?"

"Ẹ má fòyà. Láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan nínú mọ́tò yẹn tó jẹ́ ti ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á."

Má-Fòyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé tó bá ti wí bẹ́ẹ̀, ó ti tó àkókò kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fòyà nìyẹn. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni. Ó ní àṣà kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní: gbogbo ẹ̀yà tó bá yọ lára ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ó máa ń so páálí kékeré mọ́ ọn, ó máa ń kọ ọjọ́ sí i àti iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun jẹ owó ohun tí òun kò pààrọ̀. Ọdún méjì gbáko ni aṣebúrẹ́dì ti ń ru irin lọ sílé.

Ọkọ̀ pupa ni, onílẹ̀kùn méjì, àwọn ará Ítálì ló ṣe é fún àwọn tó fẹ́ràn eré sísá. Àlòkù ni. Iye tó rà á kò tó owó ààrò tuntun kan, ẹ̀rín ẹni tó tà á fún un sì ti pọ̀ jù. Oṣù kìíní tó rà á ni wọ́n ní bẹ́líìtì inú rẹ̀ ti gbó. Kí ọwọ́ tó lè dé ìdí bẹ́líìtì, àfi kí wọ́n sọ odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Owó àtisọ ọ́ kalẹ̀ ju owó bẹ́líìtì lọ nígbà mẹ́wàá. Lẹ́yìn bẹ́líìtì ó kan kílọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì ó kan wáyà, lẹ́yìn wáyà ó kan ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i.

Kì í ṣe afẹ́ ló sì mú un rà á. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ a máa fọṣọ fún àwọn olówó létí adágún tí wọ́n bí i sí. Bí irú ọkọ̀ pupa bẹ́ẹ̀ bá ń kọjá, ìyá a sọ apẹ̀rẹ̀ aṣọ kalẹ̀, a ní, "Wò ó, èèyàn méjì péré ló gbà. Èmi àti ìwọ." Lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀ náà, ó ṣèlérí pé inú rẹ̀ ni òun yóò gbé ìyá sí padà lọ wo adágún. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í gbé ìyá rẹ̀ sínú ohun tó ń jò. Ó yẹ kó pé ná. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá bá sì béèrè lórí fóònù pé ọjọ́ wo ni, èsì kan náà ló ń rí gbà: "Ó kù díẹ̀, Màmá."

Lóṣù tó kọjá, ojú ìyá fọ́ pátápátá.

Òní ló ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Láàárọ̀, kí ìyàwó aṣebúrẹ́dì tó lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di gèlè rẹ̀ le.

"Olówó orí mi, yàrá ìyá yín ni mo ní kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ wá sọ ọ́ di itẹ́ òkú irin. Tí mo bá dé tí ẹyọ irin kan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì wa ni Màmá máa sùn. Ẹ̀yin á lọ máa sun inú mọ́tò yín."

Aṣebúrẹ́dì wa ọkọ̀ náà padà sílé láti ọ̀dọ̀ Má-Fòyà. Kò dún, kò gbọ̀n, iná pupa kankan kò tàn lójú rẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń wà.

Ó ṣí yàrá. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná díẹ̀, bí inú ilé tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Ìgbà náà ló tó wo bí òun ti to àwọn ẹrù náà. Táyà mẹ́rin wà ní igun mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ fèrèsé. Àga aláwọ méjì wà láàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, síárìn tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ àti aago máìlì sì wà lórí àpótí níwájú ọ̀kan. Kò ní in lọ́kàn láti tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Àyè tó bá rí ló ń gbé wọn sí.

Aago máìlì ló kọ́kọ́ fẹ́ gbé jáde. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí wọ́n ti yọ ọ́, kò sí wáyà kan lára rẹ̀ mọ́. Má-Fòyà kọ 81,306 sí páálí rẹ̀. Ṣùgbọ́n 81,398 ló wà lójú aago. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó tún un wò. Ó sáré jáde lọ síbi tó páàkì ọkọ̀ sí, ó wo aago tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Méjìléláàádọ́rùn-ún.

Ó fi ìka ṣírò. Máìlì mẹ́rin ni láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù Má-Fòyà. Ìrìn mẹ́tàlélógún, tí a bá ka àlọ àti àbọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ọ̀kan tó gba ibòmíràn kọjá. Èyí tó wà nínú yàrá ti bá a ka gbogbo rẹ̀.

Ibẹ̀ ló dúró sí tí takisí fi dé. Ìyàwó rẹ̀ fa ìyá lọ́wọ́ wọlé, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó rí àwọn irin, ó mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ti na ọwọ́ síwájú, ó ń fi ìka wá ọ̀nà. Ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀yìn àga. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí, ó jókòó, ó sì gbé báàgì lé itan bí ẹni tó ti san owó ọkọ̀.

"Áà," ó ní, "o gbé e wá pàdé mi."

Ìyàwó la ẹnu. Aṣebúrẹ́dì, tó ti tẹ̀lé wọn wọlé, mi orí sí i pé kó má sọ̀rọ̀. Obìnrin náà wo síárìn orí àpótí, ó wo ẹ̀rín ojú ìyá, ó ní òun ń lọ gbé omi wá, kò sì padà wá.

"Kí lo dúró ṣe? Sítáàtì ẹ̀, ká máa lọ."

Aṣebúrẹ́dì jókòó sí àga tí síárìn wà níwájú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kì í bọ ihò rẹ̀, ó yí i. Kò sí ohun tó dún. Ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn gbọ̀n díẹ̀, bí ìgbà tí tírélà bá ń kọjá níta. Kò sí tírélà níta.

"Rọra sá o. Èmi ò kánjú." Ìyá gbé ojú sókè. Etí gèlè rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fèrèsé. "Ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì nìyí. Yà sọ́wọ́ òsì. Ṣé o ń gbọ́ òórùn omi?"

Aṣebúrẹ́dì fa imú. Òórùn ọ́ìlì nìkan ló gbọ́.

"Ṣé a ti dé?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ojú tì í gidigidi. Láti ojú gíláàsì fèrèsé ó ń wo ọkọ̀ pupa náà níta, tó ń dán, tó pé pérépéré. Kọ́kọ́rọ́ tuntun rẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Kí ló tún kù?

"Màmá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ, lónìí yìí náà. Mọ́tò ti dáa."

"Ká lọ síbo?" Ìyá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Èmi ti dé, ọmọ mi. Ó tiẹ̀ ti pẹ́ tí mo ti ń wẹ̀yìn wò bóyá mo máa rí ọ."

Aṣebúrẹ́dì kúnlẹ̀ kó lè bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òjò kò ti rọ̀. Etí ìró ìyá tutù rìnrìn dé ọrùn ẹsẹ̀, omi ń kán láti ara rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, yanrìn funfun kíkúnná sì wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Lórí àpótí, nọ́ńbà tó kẹ́yìn lójú aago máìlì ń yí lọ, díẹ̀díẹ̀.

Aṣebúrẹ́dì fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ṣòkòtò tirẹ̀. Ó gbẹ. Ìyẹ̀fun àárọ̀ ṣì wà lára rẹ̀.