Àyè Tó Ṣófo Níwájú Misano

Ọjọ́ Ajé ni ìròyìn náà dé, ní oṣù keje, ní àkókò tí àwọn ará ìlú Idigny ń kórè àgbàdo àkọ́rọ̀. Láti àárọ̀ ni Clément ti gun orí àpótí, ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, tó dojú kọ pátákó dúdú tó gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀. Landry, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò pè é lánàá, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdíje ọkọ̀ kan tí í parí kó má pe bàbá rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí fóònù dún, kò wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o kò jẹ́ kí n sùn dáadáa," ó ní. "Ẹfun mi ti wà lọ́wọ́. Ìdíje Misano. Ipò kelòó lẹ ṣe?"

Ohùn tó dáhùn kì í ṣe ti Landry. Ti Séverin ni, ọmọ Pobè tí òun àti Landry jọ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Faransé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná."

"Sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbo? Ta ló sọ fún ọ pé mo gun nǹkan?"

"Landry ló máa ń sọ ọ́, pé orí àpótí lẹ ti ń gba èsì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá. Ẹ jókòó."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò jókòó. Séverin sọ ọ́ fún un bí ẹni ń gbé ẹyin kalẹ̀. Ìdíje parí ní ìrọ̀lẹ́ àná, wọ́n di ẹrù, wọ́n gbéra padà sílé. Landry ló ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó táyà. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, lójú ọ̀nà tó gba àárín òkè, ọkọ̀ náà yà sínú ọ̀gbun. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó kọ lù ú. Oorun ló gbé e lọ, kò sì jí mọ́.

Lóde, Philomène, ìyàwó Clément, ń bó àgbàdo, ó sì ń kọ orin kan tí wọ́n kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá. Clément dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́tí sí orin náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti yanu, obìnrin yìí kò ní kọ orin mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà ó jẹ́ kó kọ ọ́ dé òpin.

Iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ni Landry ń ṣe. Bó ṣe máa ń pè é nìyẹn. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ kì í ti í kúrò lára táyà. Pọ́ǹpù kan wà nílé, èyí tí Clément rà nígbà tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ kọ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ àwọn fadá. Landry sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ti oko bọ̀, tí táyà alùpùpù rẹ̀ bá rọ̀, iwájú ilé wọn ló ń yà sí. Landry á fẹ́ ẹ, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á dẹtí sí i bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, á wá ní, "Ó ti tó. Ẹ máa lọ." Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó kọ́ṣẹ́ mẹkaníìkì ní Kútọnu, ó ti ibẹ̀ rí ọ̀nà dé ilẹ̀ Faransé, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje káàkiri Yúróòpù. Bí ọkọ̀ náà bá dúró jẹ́ẹ́, o lè rò pé ọkọ̀ olówó kan tó ń lọ kí àna rẹ̀ ni. Bó bá ké, etí á di. Táyà rẹ̀ ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ Landry, kó mú un gbóná kó tó jáde, kó wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

"Bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, Bàbá, ọkọ̀ á máa yọ̀. Bó bá fi díẹ̀ kéré, táyà á gbóná títí á fi bẹ́."

"Mo rán ọmọ níléèwé fún ọdún mẹ́rìndínlógún," Clément á dáhùn, "ó wá lọ ń ta afẹ́fẹ́ fún òyìnbó."

"Wọ́n ń rà á, Bàbá."

Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí náà ló lọ gbé pátákó tí ilé-ẹ̀kọ́ ti pa tì, tó tún un kùn, tó sì fa ìlà mẹ́sàn-án sí i, nítorí ìdíje mẹ́sàn-án ló wà nínú sáà náà, láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá. Paul Ricard, Brands Hatch, Monza, Spa, Misano, Magny-Cours, Nürburgring, Valencia, Barcelona. Ó fi ọwọ́ olùkọ́ kọ wọ́n, lẹ́tà wọn dọ́gba bí ebè tuntun. Bí ìdíje kọ̀ọ̀kan bá ti parí, Landry á pè, Clément á gun àpótí, á kọ ipò tí ọkọ̀ ṣe. Àlejò tó bá wọlé, bó wá kí i ni o, bó wá fọnná ni o, dandan ni kó ka pátákó náà kó tó jáde. "Ọmọ mi ló wà nídìí rẹ̀," ni Clément á wí, á sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ fọ́nnu.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Misano, Landry pè ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ìdíje.

"Bàbá, ó rẹ̀ mí."

"Iṣẹ́ ń rẹni."

"Kì í ṣe irú èyí tí oorun ń mú lọ. Ọ̀gá ní mo lè fo Misano, kí n wá sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ wá jókòó lọ́dọ̀ yín. Mo fẹ́ jẹ àgbàdo tútù."

Clément gbójú sókè wo pátákó. Ó rí àyè mẹ́rin tó ti kún àti márùn-ún tó kù, ó sì rí bí ọ̀kan yóò ṣe ṣófo láàárín wọn, bí eyín tó yọ.

"Ẹni tó ń kọ ebè kì í padà sílé láàárín ìlà," ó ní. "Parí sáà náà ná. Oṣù kẹwàá kò jìnnà. Àgbàdo mìíràn ń bọ̀."

"Ó dáa, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Clément kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ fún fadá, kò sọ fún Philomène. Ó há sí i lọ́fun bí egungun ẹja, kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé pọ̀.

Ó tó ọjọ́ méjìlélógún kí wọ́n tó gbé òkú náà dé. Bàbá àti ìyá kì í sin ọmọ. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Clément fi kọ́ àwọn ọmọ ní kátékísímù, ó mọ gbogbo ohun tí ìwé wí nípa àjíǹde. Àmọ́ nígbà tí àwọn ẹbí ní kí òun àti ìyàwó òun wọ yàrá, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, kò bá wọn jiyàn. Láti inú yàrá ni wọ́n ti gbọ́ ọkọ̀ tó dúró, ẹsẹ̀ àwọn tó gbé pósí, àti orin tó ń jìnnà lọ sí itẹ́ òkú. Wọn kò rí ojú rẹ̀. Wọn kò rí ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn ènìyàn padà dé, wọ́n fọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò jẹun. "Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá mọ́," wọ́n wí, wọ́n sì túká.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ará àdúgbò kò mọ ohun tí wọn yóò máa pè é. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó ti ń jẹ́ Bàbá Landry. Ní báyìí wọ́n á yanu, wọ́n á gbé orúkọ náà mì, wọ́n á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Olùkọ́." Kò sí ẹni tó ń yà síwájú ilé láti yá pọ́ǹpù mọ́ pẹ̀lú. Philomène nìkan ni kò yí ohun tó ń pè é padà.

Ní oṣù kẹjọ, ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú kan, fóònù dún.

"Bàbá, mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n pè yín," Séverin wí. "Magny-Cours ti parí. Ipò keje."

Clément dúpẹ́. Ó gun àpótí. Kò béèrè ti Misano rí, Séverin náà kò sì sọ ọ́. Ó fo àyè náà, ó kọ keje sí abẹ́ rẹ̀.

Philomène ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá Landry, ta lẹ̀ ń kọ ọ́ fún?"

"Sáà náà kò tíì parí."

"Ta ni kò tíì parí fún?"

Obìnrin náà wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó sì padà sídìí iná.

Ó kọ ti Nürburgring. Nígbà tó kọ ti Valencia, ní oṣù kẹsàn-án, Philomène kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ẹ gbé pátákó yẹn sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n rí sàréè ọmọ mi, ẹ̀yin wá gbé òmíràn kọ́ sí pálọ̀."

"Ìyá Landry, jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà."

Ó sọ ọ́. Kò fi ohunkóhun pamọ́: àárẹ̀ ọmọ náà, àgbàdo tútù, ebè, àyè tó dà bí eyín tó yọ. Ó ní kì í ṣe nítorí Landry ni òun ṣe ní kó parí. Nítorí pátákó ni.

Philomène ń fọwọ́ pa etí ìró rẹ̀ pọ̀, ó ń tú u.

"Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ kí ni?"

"Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó máa bọ̀. Ó ní, 'Màmá, Bàbá ti ní kí n parí.' Mo sì dákẹ́, torí mi ò fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín." Ó gbójú sókè. "Láti ọjọ́ tí Séverin ti pè ni mo ti ń dúró kí ẹ sọ ọ́. Ká ní ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, à bá jọ rù ú."

"Dárí jì mí."

"Mi ò tíì lè sọ ọ́, Bàbá Landry. Bí mo bá sọ ọ́ lónìí, irọ́ ni."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di ẹrù kékeré, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Odomèta, pé òun fẹ́ bá a ṣe gàrí. Kò dá ọjọ́ tí òun yóò padà.

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n sáré ìje Barcelona, Clément dá lọ sí Mísà, ó dá padà, ó jókòó sábẹ́ ìbòòji ilé rẹ̀. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Séverin pè.

"Kò parí, Bàbá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, táyà ẹ̀yìn bẹ́. Inú iyanrìn lọ́kọ̀ dúró sí."

"Ta ló wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀?"

"Ẹni tuntun tí wọ́n gbà ni."

"Sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀."

"Màá sọ fún un, Bàbá."

Ó wọlé, ó gun àpótí, ó kọ "kò parí" síwájú Barcelona. Ó fẹ̀yìn díẹ̀, ó sì ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ó ti máa ń ka iṣẹ́ ọmọléèwé. Àyè Misano ṣófo síbẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú gbogbo ohun tó kù tó tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sọ pé kí ọmọ má wálé.

"Olùkọ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Lábọ̀dé ni, aládùúgbò wọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ó ń ti alùpùpù náà, táyà ẹ̀yìn ti rọ̀ mọ́lẹ̀.

"Ewúrẹ́ onírin yìí ló dùbúlẹ̀ sọ́nà, ó ní òun ò rìn mọ́. Mo ní kí n yà..." Ó rántí, ó sì dúró. "Ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá, ó ti mọ́ ọn lára."

"Dúró," Clément wí.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni pọ́ǹpù náà wà. Awọ inú rẹ̀ ti gbẹ. Ó kán epo pupa díẹ̀ sí i, ó gbé e jáde, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é, Olùkọ́. Wọ́n á ní mo fi àgbà ṣiṣẹ́."

"Di ewúrẹ́ rẹ mú kó má tàpá."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Apá rẹ̀ ń ro ó, èémí rẹ̀ ń ké. "Níbo lò ń lọ?"

"Odomèta. Èrò kan ń dúró dè mí níbẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti wà lójú ọ̀nà, ojú mi tiẹ̀ ti ń pa dé."

Ọwọ́ Clément dúró lórí pọ́ǹpù. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà náà, ó sì dẹtí sí i.

"Ó ti tó," ó ní. "Lábọ̀dé, bó bá rẹ̀ ọ́ lọ́nà, yà sábẹ́ igi, kí o sùn. Jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Ẹni tó ń dúró dè ọ́ á dúró."

Lábọ̀dé wò ó.

"Mo gbọ́, Bàbá Landry."

Clément dìde. Ó lọ síwájú alùpùpù náà, ó so ẹnu pọ́ǹpù mọ́ táyà kejì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.