Àfikún Lẹ́ńsì Ojú-Àwòdì

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tí ìgbéraga sọ di òpè, ẹ má gbàgbé ayàwòrán kan tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Ojú-Àwòdì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà, ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Láti ìgbà tí bàbá ìyàwó rẹ̀ ti bá a wí pé kì í gbélé, ló ti fìbínú kẹ́rù jáde. Orí àga gbọọrọ inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá ń sùn. Ẹ gbọ́ ná, wọ́n ní kì í gbélé, ohun tó sì fi dá wọn lóhùn ni pé ó kúrò nílé. Ọkùnrin tó níyàwó, tó bímọ, ló wá ń fi ègé aṣọ ṣe ìrọ̀rí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ sáré ìje níléèwé lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ náà ti pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Dádì kí wọ́n wá dúró síbi tá a ti máa parí eré. Tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá sáré dé, dádì wọn máa ń gbé wọn sókè."

Ẹ̀gbọ́n ti ṣèlérí fún un, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀ látìgbà náà.

Ojú-Àwòdì gbà láti lọ. Àmọ́ ibi tí ọmọ fẹ́ kó dúró sí gan-an ni àna rẹ̀ máa wà, ó sì ti búra pé òun ò ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá òun wí. Kí ló wá ṣe? Ó lọ ra àfikún lẹ́ńsì, nǹkan róbótó kan tí wọ́n ń lọ́ mọ́ imú lẹ́ńsì kámẹ́rà kí ohun tó jìnnà lè túbọ̀ sún mọ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ló wí, ó ń fi aṣọ fẹ́lẹ́ nù ún bí ẹni ń nu ojú ìkókó. "Mo lè jókòó sókè téńté kí n máa ka irun ìpéǹpéjú ọmọ yẹn."

"O ò ṣe kúkú sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a?"

"Kò yé yín ni. Ìlọ́po méjì ló fi ń fa nǹkan mọ́ra."

"Ẹsẹ̀ rẹ náà, ṣebí méjì ni."

Nígbà tí ọjọ́ pé, àtẹ̀gùn tó ga jù lọ níbi ìjókòó òǹwòran ló gùn lọ, ẹ̀gbọ́n sì tẹ̀ lé e. Ó gbé kámẹ́rà lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, torí bí wọ́n bá ti fi àfikún yẹn sí i, àwòrán á máa gbọ̀n bí èèyàn bá tiẹ̀ mí lé e. Ó tún máa ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ kí àwòrán má bàa ṣókùnkùn, ni ọ̀gbẹ́ni bá ń ṣépè fún gbogbo ìkùukùu tó bá kọjá. Ẹ̀gbọ́n wò ó tìkàtẹ̀gbin. Kò lè kojú àna, ìkùukùu ló ń bá jà.

Ọmọ náà ṣe ipò kẹta. Ká má purọ́, nǹkan náà ṣiṣẹ́. Òógùn tó wà létè ọmọ hàn kedere nínú àwòrán. Lẹ́yìn náà ni ọmọ gbé ọwọ́ síwájú orí, ó ń wo àárín àwọn bàbá tó dúró síbẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ojú-Àwòdì ń yà á lọ ràì.

"Ẹ ò rí bó ṣe mọ́ kedere?"

"Ta ló ń wá?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

Ó ṣáà ń tẹ kámẹ́rà. Wọ́n ní béèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Eléyìí ò sunkún, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n tú sikáàfù orí rẹ̀, ó ń fì í lókè. Ọmọ rí i. Ló bá kúrò lọ́dọ̀ bàbá àgbà, àna Ojú-Àwòdì, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn bọ̀, tòun ti apá tó là sílẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n dùn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yanjú. Ojú-Àwòdì náà yí kámẹ́rà sí i. Àmọ́ àfikún lẹ́ńsì yẹn kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn jù. Bí ọmọ ṣe ń súnmọ́ tòsí ni ojú rẹ̀ ń di bàìbàì.

"Dúró níbẹ̀," ni bàbá wí, kò gbójú kúrò lára kámẹ́rà. "Sún sẹ́yìn díẹ̀."

Ọmọ dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan.

"Díẹ̀ sí i. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má mira."

Apá ọmọ ti rọ̀ wálẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa nílé, kò janpata.

"Ṣé kí n máa lọ, Dádì?"

"Máa lọ. Ó ti jáde dáadáa."

Ọmọ yíjú padà, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bàbá àgbà tó ti nawọ́ dè é. Inú bí ẹ̀gbọ́n gan-an. Ojú sì tún ń tì í, torí òun ló tọ́ ọ. Ó mú báàgì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Mò ń sún sẹ́yìn fún ọ, kí èmi náà lè mọ́ kedere."

Ó tẹ̀ lé ọmọ lọ sísàlẹ̀. Kò tíì dé ìdajì àtẹ̀gùn tó fi gbọ́ kámẹ́rà tó ń dún ká, ká, ká lẹ́yìn rẹ̀.